Màmá Ọlọ́ṣẹ Tó Bá Òwe Jà

Ẹ má retí pé màá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú "ó dàárọ̀ o". Màmá, ìyá bàbá mi, kì í fẹ́ kéèyàn sọ ohun tí kò dá a lójú, òun fúnra ẹ̀ sì máa ń sọ pé kò tíì sí òkú tó lọ ọ̀hún tó padà wá jíṣẹ́ fún òun. Ohun tó dá èmi lójú ni pé wọ́n sin ín sí Ìgàndo, lẹ́yìn ilé tó fi owó ọṣẹ dúdú kọ́, àti pé iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè ẹ̀ ò tíì gbẹ tí Bọ̀dá Ṣẹ́gun, àbúrò bàbá mi, fi jókòó sí pálọ̀ tó ń pa òwe.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Ojú ìyá mi ló ń wò bó ṣe ń pa á. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń sọ nínú pálọ̀ yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú Màmá, òun àti ìyá mi jà, ariwo wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà níwájú ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ò jí. Arúgbó ni, ọkàn ẹ̀ ti ń ṣe ségesège tipẹ́, dókítà sì ti sọ fún gbogbo wa. Ìyẹn ò ní kí àwọn kan má sáré lọ bá wòlíì ní ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì sì ríran pé ọwọ́ tó ń bọ́ Màmá náà ló pa á. Ta ló ń bọ́ ọ? Ìyá mi ni. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ìyá mi nìkan ló ń tọ́jú ìyá ọkọ ẹ̀, tó ń se oúnjẹ ẹ̀, tó ń fi òróró wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Wọ́n wá ní kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, pé ẹbí máa jókòó lọ́jọ́ àdúrà ogójì láti fẹnu ọ̀rọ̀ jóná, kó sì kúrò nílé.

Inú bí mi gidi. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, ẹ̀yìn àdúrà ogójì ni mo sì parí ẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé Màmá ni mo kọ o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí i kó lọ ka ìwé ètò ìsìnkú. Èmi fẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú èèyàn tó jẹ́, torí òwe tí wọ́n ń pa lórí òkú ẹ̀ yẹn, òun gan-an lòwe tó kórìíra jù láyé.

Bí ẹnikẹ́ni bá pa á lójú ẹ̀, á dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró, á nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Ta ni kò mọ̀? Èmi nìyí. Èmi ò mọ̀." Bàbá onílẹ̀ kan wà ládùúgbò wa tó pa á lọ́jọ́ kan nítorí adìyẹ. Ayálégbé ẹ̀ obìnrin kan ló dúró wo àwọn adìyẹ náà nírọ̀lẹ́, nígbà tó fi máa di àárọ̀, méjì ti kú. Bàbá ń wá ẹni tó máa bá a lé obìnrin náà jáde.

Màmá ní, "Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé ọjọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ wo àwọn adìyẹ yín ni?"

"Rárá, ojoojúmọ́ ló ń kọjá níbẹ̀. Ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ló wà."

"Àwọn ọjọ́ tó wò wọ́n tí wọn ò kú ńkọ́? Ẹ kà á?"

"Ta ló fẹ́ ka ìyẹn?"

"Adìyẹ tó ti kú kí obìnrin yìí tó kó délé yín ńkọ́?"

"Màmá Ọlọ́ṣẹ, ẹ má bá mi fa ọ̀rọ̀ jàre. Òwe àwọn bàbá wa ni mo pa."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Àwọn bàbá wa kan náà ló ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nígbà náà."

Kúkúrú obìnrin ni. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ le bí awọ bàtà nítorí omi eérú tó ti ń fọwọ́ kàn látìgbà èwe ẹ̀, òórùn àdín kì í sì í kúrò lára ẹ̀, kódà tó bá wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn ẹ̀ ju ara ẹ̀ lọ. Ó lè bá èèyàn jà láàárọ̀, kó bá a jẹun lọ́sàn-án, kó tún gbé ìjà yẹn níbi tó dé dúró nírọ̀lẹ́. Gbogbo wa la bá a jà. Mi ò ní í parọ́ mọ́ òkú, Màmá le.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ní téèyàn bá tètè gé àlùbọ́sà sí ẹ̀wà, á yára jiná. Màmá ní irọ́ ni. Nílé àwọn ẹlòmíì, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa parí sí, ẹni tó dàgbà jù á jàre, wọ́n á jẹun. Nílé tiwa, Màmá gbé ìkòkò méjì tó dọ́gba, ó bu ẹ̀wà láti inú àpò kan náà sínú méjèèjì, omi ọgbọọgba, ó gbé wọn ka orí sítóòfù méjì. Àlùbọ́sà wọ ọ̀kan, kò wọ èkejì. Ebi ń pa mí kú lọ.

Mo ní, "Màmá, ẹ kúkú se ọ̀kan pẹ̀lú àlùbọ́sà, ká wò ó bóyá á yá."

Ó wò mí títí. "Á yá ju kí ni lọ? Ìkòkò kan kì í jẹ́rìí."

Àwọn méjèèjì jiná pọ̀. Mo ti gbé abọ́ dání, mo rò pé ó parí. Ó tì o. Màmá ní lọ́la a máa tún un ṣe, ká pààrọ̀ sítóòfù, torí ó lè jẹ́ pé iná ọ̀kan le ju ti èkejì lọ, kó sì jẹ́ ìyẹn ló bo àlùbọ́sà mọ́lẹ̀. Ìyá mi jáde síta, ó ń pariwo pé òun máa lọ ra búrẹ́dì ní Ìkọ̀tún, pé òun ò ní í se ẹ̀wà mọ́ láyé òun. Lọ́jọ́ kejì náà, ìkan ò ṣáájú ìkan. Màmá bu ẹ̀wà fún ìyá mi, ó fi ẹja lé e, ó ní, "Má bínú, ìyàwó mi. Ẹ̀wà máa ń yá. Òótọ́ ló máa ń pẹ́ lórí iná."

Àwọn tí wọn ò mọ̀ ọ́n á rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè gba Ọlọ́run gbọ́. Hàbà! Aládùúrà paraku ni. Mo ti jí láàárọ̀ bá a lórí ìkúnlẹ̀, tó ń dárúkọ wa níkọ̀ọ̀kan, tó ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò tiẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ ìsìn, á wọ sùtánà ẹ̀, á fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n wòlíì tó ríran sí ìyá mi yìí, òun àti Màmá ti ní ọ̀rọ̀ tipẹ́. Bí ìran ẹ̀ bá ṣẹ, á ní kí ẹni tó ṣẹ sí lára jáde wá jẹ́rìí, ìjọ á pàtẹ́wọ́, agogo á dún. Lọ́jọ́ kan, Màmá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn.

"Wòlíì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ìran tó ṣẹ, a máa ń jẹ́rìí sí i. Èyí tí kò ṣẹ ńkọ́? Ta ló ń bá wa kà á?"

Wòlíì ní, "Màmá, èyí tí kò ṣẹ, àdúrà ló yẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tó bá ṣẹ, ẹ ríran. Tí kò bá ṣẹ, àdúrà gbà. Ọjọ́ wo lẹ wá lè ṣàṣìṣe, Wòlíì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ kí ó tó délé. Wọ́n ní Màmá rí ìmísí fín, kó lọ máa jókòó lẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé àga ẹ̀ lọ sẹ́yìn lóòótọ́, ó ń kọrin láti ibẹ̀, ohùn ẹ̀ bo ti ẹgbẹ́ akọrin. Mo bi í nílé bóyá kò dùn ún. Ó ní, "Ọlọ́run ni mo lọ bá. Kò sọ fún mi rí pé òun kì í gbọ́ ti àwọn ará ẹ̀yìn."

Nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, tíṣà wa kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Mo há gbogbo ẹ̀ sórí lédè òyìnbó, mo ń rìn yí ilé ká, mò ń kà á bí ẹni ń ka sáàmù. Màmá ń bu ọṣẹ lọ́wọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ lédè tí ìkòkò òun gbọ́. Mo ní, èèyàn á kọ́kọ́ kíyè sí nǹkan, á béèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, á dá àbá, á dán àbá náà wò, á wá sọ ohun tó rí.

Ó ní, "Dúró lórí àbá yẹn. Wọ́n ní àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè jẹ òkúta. Báwo ni ikán ṣe mọ̀ pé òun ò lè jẹ ẹ́?"

"Ó gé e jẹ."

"Ó gé e jẹ! Tíṣà yín mọ nǹkan, ṣùgbọ́n ìwọ ò tíì mọ̀ ọ́n, o kàn há a sórí ni. Dá àbá kan fún mi."

Mo wò yíká. Mo ní mo rò pé aṣọ dúdú máa ń yára gbẹ nínú oòrùn ju aṣọ funfun lọ. Ó ní àbá tó dáa ni, kí n lọ fọ dúdú, kí n fọ funfun, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ irú aṣọ kan náà, kí n sá wọn sórí okùn kan náà. Nígbà tí mo fi máa rí èyí tó bára mu, mo ti fọ ìdajì aṣọ ilé. Màmá jókòó síbi tó wà, ó ń fẹyín síta. Ó ní, "Ọmọ mi, sáyẹ́ǹsì ò pa ẹnikẹ́ni lára. Aṣọ wa ti mọ́."

Ẹ má rò pé òun ló máa ń jàre ṣá. Omi kànga wa bẹ̀rẹ̀ sí í rùn nígbà kan, ó sì dá Màmá lójú pé kòtò ṣáláńgá Alhájì tó múlé tì wá ló ń ṣàn wọ inú ẹ̀. Ó sọ ọ́ síta, àwọn ọmọ Alhájì gbọ́, ọ̀rọ̀ di ariwo. Alhájì fúnra ẹ̀ wá, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kéèyàn dán nǹkan wò, ẹ dán tèmi náà wò." Màmá da búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sínú kòtò náà lójú gbogbo wọn, ó da èyí tó pọ̀. Lójoojúmọ́ ló ń fa omi kànga sínú abọ́ funfun, á máa yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn. Búlúù kankan ò jáde.

Èmi ní kó má sọ nǹkan kan, pé Alhájì á gbàgbé. Màmá wọ aṣọ, ó dá gèlè, ó lọ kúnlẹ̀ ní ẹnu géètì Alhájì ní ọ̀sán gangan, níbi tí àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn yẹn ti lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Alhájì sáré gbé e dìde. Màmá ní, "Ẹ dáríjì mí. Ohun tí mo fẹnu sọ, mi ò rí i. Ó lè jẹ́ pé yanrìn ló mu búlúù, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹ̀rí." Bó ṣe ń dìde, ó yí padà sí ìyá mi, ó ní, "Ìwọ máa bá mi se omi yẹn kí n tó mu ún o."

Ìjà ọjọ́ ìkẹyìn yẹn wá ńkọ́, èyí tí wọ́n ń pariwo ẹ̀? Iyọ̀ ni wọ́n jà lé lórí. Dókítà fún Màmá ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tuntun, ó sì ní kó dín iyọ̀ kù. Màmá ń lo oògùn náà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ iyọ̀ ná. Ó ní téèyàn bá yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní í mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ìyá mi gbé agolo iyọ̀ pamọ́. Màmá wá a títí, ó rí i nínú garawa gààrí, ìjà bẹ́ sílẹ̀.

Ìyá mi ké, "Màmá, ara yín kì í ṣe ìkòkò ọṣẹ! Tí ìkòkò bá bàjẹ́, ẹ ó gbé òmíì. Níbo ni mo ti fẹ́ rí Màmá míì?"

Ìyá mi ló jàre níbẹ̀, mi ò ní í gbè sẹ́yìn òkú. Màmá fúnra ẹ̀ gbé agolo iyọ̀ fún ìyá mi, ó ní, "Gbé e lọ. Ẹnu ẹ ti mú jù." Òun lọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó pa á.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọṣẹ, torí òun ni ìdí tí mo fi wà láyé. Mi ò tíì dáyé nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu Àǹtí Rónkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹnu wọn sì kò. Nílé wa, àṣà ni pé obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ dé ìdí ìkòkò ọṣẹ. Wọ́n ní ọṣẹ ò ní í dì. Ìyá Màmá ló bá a, Màmá náà bá a, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Kò pẹ́ tí bàbá mi gbé ìyá mi wọlé tí ọṣẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Wọ́n á da omi sí eérú kòkó nínú ajere, omi eérú á kán, wọ́n á dà á sínú àdín lórí iná, wọ́n á rò ó títí apá á fi máa ro wọ́n, kò ní í dì. Á kàn máa ṣe yọ̀tọ̀yọ̀tọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò jiná. Wọ́n dà á nù, wọ́n tún òmíì sè, ó tún bàjẹ́. Àwọn oníbàárà ń bínú lọ. Àǹtí Rónkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta: kí ìyàwó tuntun tó dé, ṣé ọṣẹ ń bàjẹ́? Ó ní ó dá òun lójú pé ìyàwó ń fi nǹkan oṣù dé ìdí ìkòkò, bí kì í bá ṣe nǹkan tó burú ju ìyẹn lọ. Ẹbí pé jọ, wọ́n ní kí wọ́n dá a padà fún bàbá ẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Màmá pe ìyá mi wọ yàrá. Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ, ìyá mi ò gbàgbé títí dòní: "Ọkàn mi sọ fún mi pé ìwọ ni. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti purọ́ fún mi rí. Tí nǹkan oṣù ẹ bá dé, wá sọ fún mi."

Nígbà tó dé, Màmá gbé ìkòkò méjì kaná ní gbangba àgbàlá. Àdín kan náà, eérú kan náà, igi ìdáná kan náà. Ó fa ìkòkò kan lé ìyá mi lọ́wọ́, ó fa èkejì lé Àǹtí Rónkẹ́, tí tiẹ̀ ò tíì dé, lọ́wọ́. Àwọn ará ilé ń sá kúrò nítòsí bí ẹni pé ìkòkò máa bú gbàmù. Wọ́n rò ó títí. Ti ìyá mi ò dì. Ti Àǹtí Rónkẹ́ náà ò dì.

Àǹtí Rónkẹ́ ní ojú ìyàwó ló ràn mọ́ ti òun. Màmá ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó mú ìyá mi lọ sọ́dọ̀ ìbátan ẹ̀ kan ní Àgbàdo, kó lọ máa gbébẹ̀. Àǹtí Rónkẹ́ nìkan ló kù nídìí ìkòkò. Kò dì síbẹ̀. Àǹtí ní ìyàwó ti fi ẹ̀mí burúkú sílẹ̀ kó tó lọ ni.

Màmá gbé orógùn sílẹ̀. "Rónkẹ́, tó bá wà nítòsí, òun ni. Tó bá jìnnà, òun ni. Kí ló wá kù tó lè ṣẹlẹ̀, tí wàá fi sọ pé kì í ṣe òun?"

Àǹtí Rónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da ọṣẹ tó bàjẹ́ nù. Màmá ní, "Àbá tí kò sí ohun tó lè já a, àbá kọ́ nìyẹn. Ìkórìíra ni."

Ó lọ tọrọ eérú lọ́wọ́ ọlọ́ṣẹ mìíràn ní Ìkọ̀tún, ó sì ránṣẹ́ pe ìyá mi padà. Ó tún dúró di ìgbà tí nǹkan oṣù dé. Àdín ilé, ìkòkò ilé, eérú Ìkọ̀tún nìkan ló yàtọ̀. Ìyá mi rò ó, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. Ọṣẹ dì. Ó dúdú, ó ki, ó lẹ̀ mọ́ orógùn. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo. Ó ní kí Àǹtí Rónkẹ́ náà sè pẹ̀lú eérú Ìkọ̀tún, ó dì. Ó ní kí wọ́n padà sí eérú ilé, ó bàjẹ́.

Ìgbà yẹn ló lọ síbi àgbá eérú. Nígbà ìgbéyàwó bàbá mi, wọ́n gbé àgbá náà kúrò láàárín àgbàlá kí àyè lè gba àwọn àlejò, wọ́n gbé e sábẹ́ etí òrùlé, níbi tí páànù ti jò. Òjò ń kán sí i láti òkè, ìdí àgbá sì ti dípẹtà, ó ti lu. Gbogbo agbára eérú ń bá omi wọlẹ̀ lọ, èyí tó kù kàn ń jẹ́ eérú lórúkọ lásán. Lóòótọ́ ni ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nígbà tí ìyàwó dé. Ìgbéyàwó kan náà ló gbé ìyàwó wọlé, òun náà ló gbé àgbá sábẹ́ òjò. Ta ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀? Màmá fúnra ẹ̀ ni.

Ó pe gbogbo ẹbí tó fẹ́ dá ìyá mi padà. Ó ní, "Ẹni tẹ́ ẹ ń wá, èmi ni. Àṣà tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá mi náà, mo dán an wò, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, ìyàwó mi ló ni ìkòkò." Ìyá mi ló sì ni ín títí di ọjọ́ tí Màmá kú. Àǹtí Rónkẹ́ ò bẹ̀ ẹ́. Wọn ò di ọ̀rẹ́. "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí." "Káàárọ̀, ìyàwó." Ibẹ̀ náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ wá lè mọ bí àyà mi ṣe já tó lọ́jọ́ àdúrà ogójì, nígbà tí Àǹtí Rónkẹ́ wọlé láti Ẹ̀gbẹ́dá, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá Ṣẹ́gun. Mo ní ó parí. Wòlíì wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ẹrù ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dì í. Bọ̀dá Ṣẹ́gun tún pa òwe ẹ̀. Mo dìde, mo ní, "Bọ̀dá, èmi ò mọ̀. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

Ó jágbe mọ́ mi. "Dúpẹ́, jókòó! Ọmọ kékeré kì í dá sí i níbi tí ẹbí bá jókòó sí. Wòlíì ti ríran, ojú wa náà sì rí ìjà. Kí lẹ tún fẹ́?"

"Ṣẹ́gun." Àǹtí Rónkẹ́ ni. Kò pariwo. "Ìyàwó àti Màmá, ọjọ́ wo ni wọn ò jà?"

"Àǹtí, ìyẹn kọ́..."

"Dá mi lóhùn. Wọ́n jà lórí ẹ̀wà, wọ́n jà lórí fèrèsé, wọ́n jà lórí ẹni tó máa gbé omi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà, ojoojúmọ́ ni Màmá ń jí láàárọ̀. Gbogbo àárọ̀ tó jí yẹn, o ò kà á. Ọ̀kan ṣoṣo tí kò jí lo wá kà?"

Bọ̀dá Ṣẹ́gun ní, "Àǹtí, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ sọ pé ọwọ́ ìyàwó yìí ò mọ́? Lórí ọ̀rọ̀ ọṣẹ?"

"Èmi ni. Mo lérí, mo tún búra. Wọ́n fún mi ní ìkòkò tèmi, mo fọwọ́ ara mi rò ó, ó bàjẹ́ lójú mi. Mi ò ní í rí nǹkan yẹn tán kí n wá jókòó síbí kí n máa pa òwe. Èmi náà bá Màmá jà lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kú. Ìwọ náà bá a jà, o rò pé kò sọ fún mi? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé ẹni tó bá a jà, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa dìde, ká di ẹrù."

Bọ̀dá Ṣẹ́gun ń wo ilẹ̀. Wòlíì ní kí á gbàdúrà, ó gbà á ní kúkúrú, ó wá bàtà ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó rántí pé òun ò wọ bàtà wá. Àwọn yòókù ń jáde ní méjì méjì. Àǹtí Rónkẹ́ gbé ẹrù ìyá mi fúnra ẹ̀, ó gbé e padà sí yàrá.

Ìyá mi ò kúrò lórí àga. Láti àárọ̀ tí Màmá ò ti jí, ìyá mi ò tíì sunkún. Tó bá sunkún, wọ́n á ní ẹ̀rí ọkàn ló ń bá a jà. Tí kò bá sunkún, wọ́n á ní ó ti rí ohun tó ń wá. Ó ń gbé ẹkún náà mì ṣáá. Àǹtí Rónkẹ́ jáde láti yàrá, ó dúró níwájú ẹ̀, ó wò ó. Ó wá jókòó tì í, ó fà á mọ́ àyà.

"Sunkún, jàre," ó ní. "Ìyá ẹ ló kú."